Bándì Alfa Lọ́wọ́ Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi, kó kọ́kọ́ lọ jẹ acha láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí ohunkóhun tí wọ́n ń pè ní adùn, fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, lẹ́yìn náà kó wá jókòó ká jọ sọ̀rọ̀. Ọkà wẹ́wẹ́ kan tí àwọn ará Plateau ń gbìn ni acha. Ó dùn nínú ọbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n acha tí ilé ìwòsàn sè fún alátọ̀gbẹ, iyanrìn tó rí omi gbígbóná ni.

Adégòkè lorúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Anglo Jos ni wọ́n bí mi sí, tí bàbá mi sì ti wà níbí láti ayé àwọn òyìnbó awakùsà. Páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà ní Tina Junction. Lóṣù tó kọjá, ẹ́ńjìnnì kan bọ́ lù mí ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jinná. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Dókítà ní bí ṣúgà yẹn ò bá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àfàìmọ̀ káwọn má gé ọmọ ìka náà. Ìyá Súmbọ̀, ìyàwó mi, gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó nàka sí mi níwájú dókítà.

"Bàbá Súmbọ̀, lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ fi ṣúgà kan ẹnu nínú ilé ìwòsàn yìí, ilé ọmọ mi ní Zawan ni mo ń lọ. Kẹ́ ẹ máa dá gbé."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyá Súmbọ̀ kì í halẹ̀ lásán.

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi ni Alfa Mùstàfá, ọmọ Ìlọrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, tó sì ń ta fìlà àti tẹ̀sùbáà. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Iṣẹ́ abẹ ìpá ló bá wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kó kọ́kọ́ sinmi kó fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, ó wo ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó bi mí bóyá ibi tí mo ti ń sá fún ogun Ìlọrin ni mo ti fẹsẹ̀ gbá òkúta. Mo ní ogun tí kò wọ ìlú wa rí, kí la fẹ́ sá fún? Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìpá rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà la ti dọ̀rẹ́.

Ohun tí mo kórìíra ní wọ́ọ̀dù yẹn ni ẹ̀rọ wọn. Tí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé, wọ́n á de bándì oníke kan mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ sí pẹ̀lú àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn páálí ọṣẹ. Ìlà bẹ́ẹ̀ wà lára oògùn náà. Nọ́ọ̀sì á gbé nǹkan kan bí ìbọn kékeré wá, á yin iná pupa sí bándì, á yìn ín sí oògùn, ẹ̀rọ á ké "píì". Bí oògùn bá bá ẹni tó ni ín mu, ojú kọ̀ǹpútà á yọ àwọ̀ ewé. Bí kò bá bá a mu, á yọ pupa, á sì máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ni mo sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe mílíìkì alágolo.

Olúwabùkúnmi ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wà lórí wa láàárọ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos ni, Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni.

"Baba, sannu. Ẹ má bínú," ló wí. "Níbí, gbogbo yín la ń pè ní Baba. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n fún Baba ní oògùn, wọ́n fún Baba. Àṣé kì í ṣe Baba yẹn! Ó kù díẹ̀ kó kú. Wallahi, ẹ̀rọ yìí good."

Òfin wọn ni pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè orúkọ rẹ̀ kó tó yin ìbọn yẹn. Nígbà tí ó bi mí, mo wo ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn mi, mo ní, "Kí lo fẹ́ fi orúkọ mi ṣe? Ṣé a jọ lọ sí iléèwé ni?" Ó bi Alfa, Alfa ka orúkọ tirẹ̀, ó ka ti bàbá rẹ̀, ó ka ti bàbá bàbá rẹ̀, ó ń mú ọ̀nà Ìlọrin pọ̀n nígbà tí ọmọ náà dá a dúró. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò bi wá mọ́. Ó mọ ojú wa, ó sì ní ẹ̀rọ.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Alfa sanra lọ́wọ́, bándì náà fún un pinpin. Bó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, omi kì í dé abẹ́ rẹ̀, Alfa sì ní bí omi ò bá kan gbogbo ara ọwọ́, ìrun tóun kí kò pé. Ó bẹ Bùkúnmi kó bá òun tú u. "Haba, Alfa! Tí mo bá cut ẹ̀, ó ti spoil." Ọkùnrin náà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ sì rántí pé ọmọ ọwọ́ mi ni ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tí ènìyàn tò pọ̀ tí mi ò lè tú. Mo yọ píìnì kan lára báàgì Ìyá Súmbọ̀, mo tì í bọ ibi tí bándì náà ti kọ́ra, mo yí i díẹ̀, ó ní "ká", ó ṣí. Nígbà tó ṣe àlùwàlá tán, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ní "ká", ó padà bí ẹni pé ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Alfa ṣàdúrà fún mi títí tó fi kan àwọn ọmọ tí Súmbọ̀ kò tíì bí.

Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni mò ń ṣí i, tí mò ń dè é. Mo tún ń tú tèmi náà, nítorí ó ń yún mi.

Èṣù kọ́ ló kó sí mi nínú lọ́jọ́ kẹrin, ebi ni. Obìnrin ilé ìdáná gbé oúnjẹ wá. Ó yin ìbọn sí ọwọ́ mi, ó gbé acha kalẹ̀. Ó yin ìbọn sí ọwọ́ Alfa, ó gbé búrẹ́dì tó ń yọ èéfín kalẹ̀, ẹyin díńdín méjì, tíì tí mílíìkì àti ṣúgà ti sọ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Alfa wo búrẹ́dì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó wo acha mi.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Jos," ló wí, "ìyá kan, Bìróòmù ọmọ ilẹ̀ Plateau, ló gbà mí sílé. Acha ló fi bọ́ mi. Títí dòní, bí mo bá rí acha, ojú ìyá yẹn ni mò ń rí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mi ò ní fi í lé Alfa lórí. Mo ní, "Alfa, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ bándì kí oúnjẹ alẹ́ tó dé."

Ó fà sẹ́yìn. "Bàbá Súmbọ̀, èmi kì í purọ́ o. Láti kékeré."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́? Obìnrin yẹn kì í bi ènìyàn lórúkọ. Ẹ kàn na ọwọ́. Ẹ̀rọ ló máa sọ̀rọ̀."

Alfa ronú sí i. Ó tún wo àwo acha mi tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. "Tóò," ló wí nígbẹ̀yìn, "bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò sí lọ́rùn mi."

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ gún mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn mi, ìyẹn lábẹ́ orúkọ mi gan-an. Bó bá ti lọ, píìnì á ṣiṣẹ́, bándì Alfa á bọ́ sí ọwọ́ mi, tèmi á bọ́ sí tirẹ̀. Obìnrin ilé ìdáná á dé, píì, píì, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé. Alfa á jẹ acha, ojú rẹ̀ á máa dán. Èmi á ki búrẹ́dì bọ inú tíì títí tó fi rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó dá bándì padà. Inú wa ń dùn bí àwọn ọmọ tó jí mángòrò ká. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò ṣeé tàn jẹ, arúgbó méjì ti tàn án.

Ohun kan ṣoṣo tí kò dára ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dókítà wo ìwé, ó họ orí, ó fi kún ìwọ̀n ínsúlìn mi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi kún un. Bùkúnmi dúró tì mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Baba, abẹ́rẹ́ yìí ti pọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á, kẹ́ ẹ jẹun kíá. Ẹni tí kò bá jẹun, ó lè ṣubú, ó lè kú."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mò ń jẹun dáadáa. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sọ fún Alfa pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Kó jẹ oúnjẹ alẹ́ ní kùtùkùtù, lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ tàbí omi mọ́. A pààrọ̀ bándì bí ìṣe wa, a jẹun. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ kí ìrun Ìṣáì, mo ṣí bándì ọwọ́ rẹ̀, mo ṣí tèmi náà kí n lè họ ọwọ́ mi, mo kó méjèèjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó parí, ẹ̀rù ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó ń sọ fún mi ẹni tí kí n kó àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ lé lọ́wọ́ bóun ò bá padà. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín, mo sì ń de bándì mọ́ ọn lọ́wọ́, mo de ìkejì mọ́ ara mi. Gíláàsì mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò wo orúkọ kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, Bùkúnmi wà ní ìsinmi. Nọ́ọ̀sì tó ṣọ́ wa mọ́jú, tó mọ ojú mi, gún ìka mi láti wo ṣúgà, kò yẹ bándì wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé mi, ó lọ sílé. Alfa wà ní balùwẹ̀, ó ń wẹ ìwẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ìgbà náà ni Ebenezer dé, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà sísanra tó máa ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, tó ń kọ orin ìyìn lábẹ́ imú. Ó yin ìbọn sí ọwọ́ mi. Píì. Àwọ̀ ewé.

"Alfa Mùstàfá, ẹ kú ìmúra. Ọkọ̀ ti dé."

"Èmi kọ́ ni Alfa," ni mo wí.

Ebenezer fi sùúrù wò mí. "Bàbá mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ti bẹ́ẹ̀dì yìí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tí kì í sẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Pásítọ̀ kan wà níbí lọ́jọ́sí tó ní òun wá kí aláìsàn ni, gáùn ilé ìwòsàn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ gòkè, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Mo fi gíláàsì sójú, mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé òótọ́ ni, bándì Alfa ló wà níbẹ̀. Ǹ bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀yẹn. Ṣùgbọ́n ìwà mi ni mò ń sọ fún yín yìí: ẹ̀rín ló gbé mi. Mo ní n ó jẹ́ kí ọkùnrin onígbéraga yìí tì mí dé iwájú dókítà, ibẹ̀ ni n ó ti sọ orúkọ mi, kí gbogbo wọn lè rí i bí ẹ̀rọ wọn ṣe gọ̀ tó. Mo gun bẹ́ẹ̀dì náà. Mo na ẹsẹ̀. Mo ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn ní kọ́rídọ̀ bí ọba tó ń lọ sójú agbo.

A dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin kan tó de fìlà aláwọ̀ ewé tẹ̀ ba lé mi lórí. "Baba, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan láti àná, àbí?"

Mo ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Alfa ni kò jẹun láti àná. Bí bándì Alfa bá wà lọ́wọ́ mi, tèmi ńkọ́? Ọwọ́ Alfa ló wà. Mo wo aago ara ògiri. Aago méje ti lù, àsìkò abẹ́rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n ti fi kún lẹ́ẹ̀mejì nítorí búrẹ́dì tí mo jí jẹ.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo kàn gbọ́ Ebenezer lẹ́yìn mi tó ń lọgun pé, "Ẹ dì í mú o! Alfa ń sá lọ!" Gáùn ilé ìwòsàn, ẹ mọ̀ pé kò ní ẹ̀yìn. Ìyá kan bo ojú ọmọ rẹ̀. Mò ń sáré, mò ń ké pé, "Ẹ má gún un! Ẹ má gún un!", báńdéèjì ẹsẹ̀ mi ń tú, mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ṣubú, mo dìde. Ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́jọ ni mí, mi ò sáré báyìí rí láyé mi.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alfa kò mọ̀ wá rí. Lydia lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bìróòmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn láàárọ̀ yẹn. Ó ń fi òwú nu apá Alfa. Abẹ́rẹ́ ti wà nínú àwo, òfìfo ni.

Mo pẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní: bándì, píìnì, búrẹ́dì, acha. Lydia fi ọwọ́ lé orí.

"Kai! Ṣùgbọ́n mo bi í o!" ló fi Hausa wí. "Kí n tó yin ẹ̀rọ, mo bi í pé, Baba, yaya sunanka? Ó ní Adégòkè. Ẹ̀rọ náà ní Adégòkè. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Mo wo Alfa. Alfa wo ògiri.

Ẹ jẹ́ n yìn ọmọ yẹn, kò dúró wí ìwíkúwìí. Ó sáré pe dókítà, wọ́n fi omi ṣúgà sí iṣan Alfa, wọ́n ń gún ìka rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nọ́mbà ń lọ sílẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá Bìróòmù rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin náà dúró síbẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, wọ́n ní kí n lọ jókòó, mo kọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin bàbá mi, mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí báyẹn rí, nítorí àwọn yẹn, èmi kọ́ ni mo pa wọ́n. Mo bẹ Ọlọ́run pé bí Ó bá fẹ́ àtàǹpàkò mi, kó mú un, kó mú gbogbo ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tó ṣe, nọ́mbà náà dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dókítà mí kanlẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó wá kọjú sí mi. Ohun tó sọ fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọmọ ọmọ mi lè kà á. Ó ní iṣẹ́ abẹ di ọjọ́ Ajé. Ó ní ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tí a dè mọ́ ara wa lọ́wọ́ ló kà. Mi ò jiyàn. Wọ́n gé bándì méjèèjì, wọ́n de tuntun, Lydia sì de ti Alfa lọ́nà tó fi dẹ̀ dáadáa, tí omi á fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ nìyẹn. Ká ní a ti béèrè lọ́nà tó yẹ ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, ojú Alfa wálẹ̀. Ó mu tíì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ní dandan ni. Mo fa àga mọ́ ọn.

"Alfa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í purọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé Adégòkè lẹ ń jẹ́?"

Ó gbé ife tíì kalẹ̀. "Mo jáde ní balùwẹ̀, mi ò bá ọ. Ọmọ yẹn gbé ẹ̀rọ dé, ó bi mí lórúkọ. Mo bojú wo ọwọ́ mi, mo rí i pé bándì tìrẹ ni. Mo ní bí mo bá sọ pé Mùstàfá, ẹ̀rọ á pariwo, wọ́n á mọ̀ pé o ń jẹ ṣúgà, ìyàwó rẹ á gbọ́. Mo ní kí n fi irọ́ kan bò ọ́, n ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó gbé mi lọ sábẹ́ ọ̀bẹ."

"Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ rí i pé ó gbé abẹ́rẹ́ dání!"

"Mo rí i. Mo rò pé mo ti jẹ oúnjẹ rẹ, kò burú bí mo bá gba abẹ́rẹ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà gba inú mi kọjá. Mo gbé ojú sínú ọwọ́ mi méjèèjì, mo sunkún kíkan, láìka ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù sí, èjìká mi ń mì. Alfa fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n, ó ní kí n jọ̀ọ́ rọra máa sun ún, oorun ń kun òun.